Ọmọ Okun àti Ẹja Òkun: Ìtàn Tó Yẹ Ká Mọ̀ Ká Tó Gbẹ́ Adágún



Láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, ìbéèrè kan náà ni ẹ ń bi wá, láti Kàbà dé Mọ̀pà, láti Ìjùmú dé Ìsánlú: "Èló ni wọ́n fi ń gbẹ́ adágún ẹja? Ṣé owó wà níbẹ̀?" Àwọn kan ti fẹ́ ta kajú tó ṣì wà lórí igi, àwọn mìíràn ti fẹ́ kó owó èsúsú wọn lé e. A lè sọ iye tí gbígbẹ́ ilẹ̀ ń náni fún yín lónìí, kò le. Àmọ́ gbígbẹ́ ilẹ̀ kọ́ ló ń lé àgbẹ̀ ẹja kúrò nídìí iṣẹ́. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Làpálàpá ni gbígbẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀tẹ̀ ibẹ̀ ni ìbéèrè mẹ́ta: ta ló ni irúgbìn? Ta ló ni oúnjẹ? Ta ló ni ọjà?

Ìtàn la fẹ́ fi dáhùn. Ìtàn àwọn tó ti ń sin ẹja àti nǹkan mìíràn nínú òkun àti nínú ọ̀sà ṣáájú wa ni. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ ó rí i pé ìbéèrè mẹ́ta yìí ló gbé àwọn kan ga, òun náà ló sì da àwọn kan nù.

KÍ LÓ KAN ỌMỌ OKUN KAN ÒKUN?

Ẹnì kan lè ní, "Àwa tí a wà lórí òkè, tí a ń gbin iṣu àti kòkó, kí ló kàn wá kan òkun?" Okun tiwa, agbára ni. Òun la fi ń kí ara wa, títí ó fi di orúkọ tí wọ́n ń pè wá, Owé, Ìjùmú, Bùnú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀ lápapọ̀. Òkun tí à ń sọ yìí, omi iyọ̀ ni, ó sì jìnnà sí wa. Síbẹ̀, ẹ lọ sọ́jà Kàbà, ẹ wo orí tábìlì àwọn ẹlẹ́ja. Titus, òkun ló ti wá. Ṣàwá, òkun ni. Kọ́tẹ, òkun ni. Pańla tí a ń sè sínú ẹ̀fọ́, omi tútù nini ní Norway ló ti jáde, wọ́n sì sá a sínú atẹ́gùn níbẹ̀ títí tó fi le bí igi.

Kò rí bẹ́ẹ̀ látijọ́. Ẹja tí àwọn bàbá wa mọ̀ jù ni ẹja odò, èyí tí wọ́n yan lórí iná ní etí Odò Ọya, tí wọ́n gbé wá láti Lokoja sínú ilẹ̀. Ẹja yíyan ló lè rìn jìnnà láìbàjẹ́. Nígbà tí ọ̀nà mọ́tò dé, tí iná mànàmáná àti ilé yìnyín tẹ̀ lé e, ẹja òkun tó ti dì wọlé tọ̀ wá. Ti pańla sì tún ní ìtàn tirẹ̀: nígbà ogun abẹ́lé láti 1967 sí 1970, àwọn ìjọ àti àwọn aláàánú kó pańla Norway lọ fún àwọn tí ebi ń pa ní apá Ìlà-Oòrùn, nítorí pé kò nílò yìnyín, ó sì kún fún ohun tó ń ró ara lágbára.

Ìyẹn ni pé ó ti pẹ́ tí òkun ti ń bọ́ wa. Ohun tó yí padà ni pé àgbẹ̀ ló ń sin púpọ̀ nínú ẹja ayé báyìí. Àjọ FAO, tó ń bójú tó oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, kéde pé ní 2022, fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹja àti àwọn ẹran omi mìíràn tí ènìyàn sìn, tó jẹ́ mílíọ̀nù 94.4 tọ́ọ̀nù, ju èyí tí wọ́n fi àwọ̀n kó nínú òkun àti odò lọ. Éṣíà ló ń sin bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀. Báwo ni ti wa ní Áfíríkà ṣe lọ? Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó sún mọ́ wa bẹ̀rẹ̀.

ÀKÁJÀ: OKO TÍ WỌ́N DÁ SÍNÚ Ọ̀SÀ

Ní orílẹ̀-èdè Benin, láàárín Kútọnu àti Àjàṣẹ́ tí ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ọ̀sà ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Nokoué. Lórí rẹ̀ ni ìlú Ganvié wà, tí àwọn ará Tofinu kọ́ ilé sí lórí òpó láti fi sá fún àwọn tó ń kó ẹrú. Omi ọ̀sà náà kì í dúró sójú kan: nígbà òjò, omi odò kún inú rẹ̀, ó dùn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun wọlé, ó di iyọ̀.

Àwọn ènìyàn yìí ní ọgbọ́n kan tí wọ́n ń pè ní àkájà. Wọ́n á gé ẹ̀ka igi, wọ́n á gún un mọ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ọ̀sà níbi tí omi kò ti jìn, ẹ̀ka lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ka, títí yóò fi dà bí igbó kékeré nínú omi. Láìpẹ́, ohun tó ń yọ̀, aláwọ̀ ewé, á hù sára igi náà, kòkòrò omi wẹ́wẹ́ á sì dé sára rẹ̀. Ẹja á wá jẹun. Á rí ibi sá sí fún ẹyẹ àti fún ẹja ńlá. Á dúró síbẹ̀, á bímọ síbẹ̀. Epìyà inú ọ̀sà ló pọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, àwọn olóko á fi àwọ̀n yí gbogbo rẹ̀ ká, wọ́n á fa igi jáde, wọ́n á sì kó ẹja. Nínú ọ̀sà Èkó náà, wọ́n ń ṣe irú rẹ̀.

Ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta wa wò ó. Irúgbìn: ẹja fúnra rẹ̀ ló wá, olóko kò ra ọmọ ẹja lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ: igi ló gbé e, kò sí àpò oúnjẹ kankan láti rà. Ọjà: Kútọnu àti Àjàṣẹ́ wà nítòsí, àwọn obìnrin wọn ló ń yan án, àwọn ló ń tà á. Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lọ́wọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí àkájà fi pẹ́ gan-an, tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ẹja tí òyìnbó gbé dé sì ti wọlé tí ó ti jáde.

Kò túmọ̀ sí pé kò ní wàhálà o. Igi a máa jẹrà, ọdọọdún ni wọ́n sì ń fi tuntun kún un. Wọ́n gé igi ẹ̀gbà etí omi, wọ́n gé ti inú igbó, títí igi fi di ọ̀wọ́n. Ẹni tó lówó igi lè fi àkájà gba apá tó fẹ̀ nínú ọ̀sà, kí ẹni tó ní àwọ̀n kan ṣoṣo máà rí ibi ju ú sí mọ́. Ìjà sì ti ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé omi tó jẹ́ ti gbogbo ìlú nílò àdéhùn gbogbo ìlú.

Ní àwọn ọdún 1980, àwọn oníwádìí ní Côte d'Ivoire, nítòsí Abidjan, tún àkájà ṣe. Wọ́n fi ọparun rọ́pò ẹ̀ka igi nítorí pé ó pẹ́ kó tó jẹrà, wọ́n sì fi àwọ̀n yí i ká kí ẹja má lè jáde. Ẹja dàgbà láìfún un lóúnjẹ. Lẹ́yìn náà, ní Bangladesh, wọ́n gún ọparun mọ́ inú adágún omi aládùn, irú èyí tí à ń gbẹ́ nílẹ̀ wa, ẹja tó ń jẹ ewé omi sì pọ̀ ju ti adágún tí kò ní ọparun lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

NÀÌJÍRÍÀ: ÌGBÀ TÍ IRÚGBÌN Ń DÀ WÁ LÁÀMÚ

Ní ilẹ̀ wa níbí, ìjọba àwọn òyìnbó ló kọ́kọ́ gbé sísin ẹja lọ́nà ìjìnlẹ̀ dé. Ní àwọn ọdún 1940, wọ́n ní ọ́fíìsì ẹja àti adágún kékeré tí wọ́n fi ń dánwò ní Oníkàn, l'Ékòó, nítòsí omi iyọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, wọ́n dá oko ẹja ńlá kan sílẹ̀ ní Panyam, lórí òkè Jos, wọ́n sì kó ẹja kàápù wá láti Yúróòpù nítorí pé ibẹ̀ tutù. Ní àwọn ọdún 1960, wọ́n gbẹ́ adágún sínú ẹrẹ̀ ẹ̀gbà ní Buguma, ní ẹkùn Niger Delta, láti wò ó bóyá ẹja omi iyọ̀ ṣeé sìn. Ní 1975, ìjọba àpapọ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí òkun, NIOMR, sílẹ̀ l'Ékòó, Buguma sì bọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Kí ló fà á tí sísin ẹja inú omi iyọ̀ kò fi gbilẹ̀ ní Nàìjíríà? Àkọ́kọ́ ni ilẹ̀. Bí ẹrẹ̀ ẹ̀gbà bá wà lábẹ́ omi, kò sí wàhálà. Bí ẹ bá gbẹ́ ẹ síta tí oòrùn pa á, á kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, ìkan náà á sì wọ inú omi adágún, á máa pa ẹja. Èkejì ni irúgbìn. Púpọ̀ nínú ẹja tí wọ́n fẹ́ sìn níbẹ̀ kì í bímọ nínú adágún. Ṣe ni wọ́n ń fi àwọ̀n wá ọmọ wọn lójú omi. Ọdún tí wọ́n bá rí, iṣẹ́ lọ. Ọdún tí wọn kò bá rí, adágún ṣófo. Ṣé a lè máa pe ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun máa rí èso gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ ní àgbẹ̀?

Ẹja àrọ̀ náà ní irú ìṣòro yìí tẹ́lẹ̀. Nínú odò, ìgbà tí àkúnya omi òjò bá dé ni àrọ̀ ń yé ẹyin. Nínú adágún, ó lè sanra títí, kó kún fún ẹyin, kó má sì yé e. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn oníwádìí ní Central African Republic àti ní Netherlands ṣiṣẹ́ lórí bí wọ́n ṣe lè mú un yé ẹyin nígbà tí wọ́n bá fẹ́. Ẹ̀yà kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ ẹja. Òun ló ń sọ fún ara pé àkókò ti tó. Wọ́n á mú un jáde láti ara ẹja kan, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó mọ́ omi iyọ̀ díẹ̀, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún un sára abo. Bí omi bá lọ́wọ́ọ́rọ́, kó tó tó ìdajì ọjọ́, wọ́n ti lè fọwọ́ fún ẹyin jáde, kí wọ́n sì pò ó mọ́ àtọ̀ akọ. Ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan tí wọ́n dá sílẹ̀ fún gbogbo Áfíríkà ní Aluu, lẹ́bàá Port Harcourt, wà lára àwọn tó kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà ní iṣẹ́ yìí láti àwọn ọdún 1980.

Bí ìṣòro irúgbìn ṣe tú nìyẹn, iṣẹ́ ẹja sì kúrò létí òkun, ó gòkè wá sínú ilẹ̀. Kò nílò ọ̀sà mọ́, kò nílò odò. Kànga àti ilẹ̀ amọ̀ tó. Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè kejì nínú sísin ẹja ní Áfíríkà, Íjíbítì nìkan ló ṣáájú wa. Ní ti àrọ̀, kò sí ẹni tó tó wa ní Áfíríkà. Ní 2015, ẹja tí a sìn ju 300,000 tọ́ọ̀nù lọ. Adágún tí ẹ ń rí lẹ́yìn ilé àwọn ará yín lónìí, ọmọ abẹ́rẹ́ yẹn ni.

Àmọ́ lẹ́yìn 2015, dípò kó máa gòkè, ó ń wálẹ̀. Kí ló dé? Ìbéèrè kejì ló dé.

OÚNJẸ: OKÙN TÓ SO ADÁGÚN KÀBÀ MỌ́ ÒKUN PERU

Nínú gbogbo 100 náírà tí àgbẹ̀ àrọ̀ bá ná, náírà 60 sí 80 lè jẹ́ ti oúnjẹ. Àrọ̀ kì í jẹ koríko. Ẹran ló fẹ́, nítorí náà àwọn tó ń ṣe oúnjẹ rẹ̀ máa ń fi ẹja lílọ̀ sí i. Níbo ni ẹja lílọ̀ ti ń wá? Inú òkun ni.

Peru, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ló ń ṣe jù. Wọ́n ní ẹja kékeré kan níbẹ̀ tó jọ ṣàwá, wọ́n ń sè é, wọ́n ń gbẹ ẹ́, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n sì ń tà á fún àwọn tó ń sin adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ kárí ayé. Ní 1970, èyí tí wọ́n kó ju mílíọ̀nù 12 tọ́ọ̀nù lọ. Ní 1972, omi òkun wọn gbóná lójijì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní El Niño, wọ́n sì ti kó ẹja náà ju bó ti yẹ lọ tẹ́lẹ̀. Ní 1973, ohun tí wọ́n rí kó kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ti 1970. Àwọn tó ń ṣe oúnjẹ ẹran sáré lọ sórí ẹ̀wà sóyà, owó sóyà fò sókè, Amẹ́ríkà sì fi òfin de títa á sílẹ̀ òkèèrè fún ìgbà díẹ̀. Ẹ wo bí omi gbígbóná ní Peru ṣe dá olóko adìẹ tí kò rí òkun rí láàmú.

Èyí tó sún mọ́ wa ni ti Mauritania, Senegal àti Gambia. Láàárín ọdún bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, ilé iṣẹ́ tó ń lọ ẹja pọ̀ sí i létí òkun wọn. Ṣàwá, tí àwọn obìnrin etí òkun ń ra lọ́wọ́ apẹja láti yan, tí wọ́n sì ń gbé lọ tà sínú ilẹ̀, òun náà ni ilé iṣẹ́ ń rà láti lọ̀ fún ẹja àti ẹran tí wọ́n ń sìn ní Éṣíà àti Yúróòpù. Owó ṣàwá gòkè mọ́ aláyan lọ́wọ́, àwọn ará ìlú sì fi ẹ̀hónú hàn. Ẹja tálákà di oúnjẹ ẹja olówó.

Nísinsìnyí, ẹ padà wá sílé. Oúnjẹ àrọ̀ tó dára, yálà ó wọlé láti òkè òkun tàbí wọ́n ṣe é ní Nàìjíríà, apá kan nínú rẹ̀ ni dọ́là fi ń wọlé. Ní 2016 tí náírà ṣubú, owó àpò oúnjẹ gòkè. Ní oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀, ó tún fò. Ẹja tó wà nínú adágún kò mọ̀ pé dọ́là ti wọ́n, ebi ṣì ń pa á láàárọ̀ àti lálẹ́. Àwọn tó kó gbogbo owó wọn lé gbígbẹ́ ilẹ̀ àti ọmọ ẹja, tí wọn kò fi ti oúnjẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn ló ta ẹja tí kò tíì dàgbà, ní owó tí kò tó.

ỌJÀ: ZANZIBAR ÀTI NORWAY

Ní ti ọjà, ibi méjì la fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, ọ̀kan láàárín àwọn tálákà, ọ̀kan láàárín àwọn olówó, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ìyà ọjà mọ tálákà nìkan.

Ní erékùṣù Zanzibar, ní Tanzania, láti 1989 ni àwọn ènìyàn, obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, ti ń gbin koríko òkun. Wọ́n á na okùn láàárín èèkàn nínú omi tó mọ lókùnkún, wọ́n á so ẹ̀ka koríko náà mọ́ ọn. Kò tó oṣù méjì, ó ti tó ká. Ohun tó ń ki nǹkan ni wọ́n ń fà jáde lára rẹ̀, tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ ìfọyín àti oríṣiríṣi oúnjẹ. Owó yẹn fi ọmọ sílé ìwé, ó sì kọ́ ilé. Àmọ́ Philippines ni irúgbìn rẹ̀ ti wá. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń rà á ló ń kó okùn àti irúgbìn wá, àwọn náà ló ń sọ iye tí wọ́n máa rà á. Oríṣi méjì ni wọ́n ń gbìn. Bí omi òkun ṣe ń gbóná sí i, oríṣi tó lówó lórí jù bẹ̀rẹ̀ sí kú, èyí tó kù fún wọn ni èyí tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Kò sí irúgbìn lọ́wọ́ wọn, kò sí ọjà lọ́wọ́ wọn: iṣẹ́ wọn pọ̀, èrè wọn kéré. Àwọn tó tún gbérí ni àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí lọ koríko náà fúnra wọn, tí wọ́n fi ń se ọṣẹ ìwẹ̀, tí wọ́n sì ń tà á.

Norway ńkọ́? Ní 1970, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan tó ń jẹ́ Grøntvedt, ní erékùṣù Hitra, fi àwọ̀n ṣe àgò tó léfòó lórí òkun, wọ́n kó ẹja sámọ́ńì sínú rẹ̀, ó sì yọrí sí rere. Àwọn àgbẹ̀ kékeré tẹ̀ lé wọn létí òkun gbogbo. Wọ́n gbọ́n, wọ́n dá ẹgbẹ́ atajà sílẹ̀ ní 1978, ẹgbẹ́ yìí ló ń bá gbogbo wọn dá iye sọ. Ó dára fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1980, ẹja pọ̀ ju olùrà lọ. Ẹgbẹ́ yá owó, ó ra ẹja tó ṣẹ́kù, ó fi sínú yìnyín láti fi gbé iye dúró. Àmọ́ kò sẹ́ni tó dín iye tí òun ń sìn kù. Ní 1991, ẹgbẹ́ náà wó, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wó pẹ̀lú rẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sì ra oko wọn. Lónìí, sámọ́ńì Norway ju mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kan lọ lọ́dún, ọwọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ni púpọ̀ rẹ̀ sì wà.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa: ẹ má kàn jọ tà, ẹ jọ fètò sí bí ẹ ó ṣe máa kó ọmọ ẹja sínú omi. Bí ogún ènìyàn bá kó o sínú omi lóṣù kan náà, lóṣù kan náà ni wọ́n máa dé ọjà. Olùrà kan ṣoṣo ló sì máa yín wọn bí ẹni yín àgbàdo.

OBÌNRIN GAMBIA TÓ DÁ OKO SÍ

Kí a má fi ìbànújẹ́ nìkan parí rẹ̀. Ní Gambia, lẹ́bàá Banjul, àwọn obìnrin kan wà tó ń kó ọ́yìstà, ẹran inú karawun tó ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò igi ẹ̀gbà. Tẹ́lẹ̀, kálukú ń ṣe tirẹ̀, wọ́n ń gé gbòǹgbò, wọ́n ń kó kékeré mọ́ ńlá. Ní 2007, wọ́n dá ẹgbẹ́ TRY sílẹ̀. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan láti fi oṣù mélòó kan sílẹ̀ lọ́dún láìkó o kó lè sanra, wọn kò gé gbòǹgbò mọ́, wọ́n tún ń gbin igi ẹ̀gbà. Ní 2012, ìjọba fún wọn ní àṣẹ pé àwọn nìkan ló lè máa bójú tó ọ́yìstà inú omi Tanbi. Ọ́yìstà wọn sanra sí i, iye rẹ̀ lọ́jà náà sì gòkè. Irúgbìn wà lọ́wọ́ wọn nítorí pé wọ́n ṣọ́ ọ. Oúnjẹ rẹ̀, omi ló gbé e wá. Ọjà, ohùn kan ni wọ́n fi ń tà á. Kò sí dọ́là nínú rẹ̀.

KÍ NI KÁ ṢE BÁYÌÍ?

Kí ẹ tó pe katakata tàbí àwọn aláago, ẹ jókòó pẹ̀lú ìwé àti bírò, kí ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí.

Ìkínní, irúgbìn. Ta ló máa ta ọmọ ẹja fún yín? Ṣé ẹ ti débẹ̀, ẹ ti rí ìyá àti bàbá ẹja náà? Ẹni tó ń mú akọ àti abo láti inú ọmọ ìyá kan náà lọ́dọọdún, ẹja tí kì í dàgbà ló ń tà. Ẹni tó ní ẹja tó pé, tó tọ́jú wọn láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ lọ bá a, kódà bó wọ́n díẹ̀. Bí ẹ bá pọ̀ ládùúgbò kan, ẹ lè rán ọ̀dọ́ méjì lọ kọ́ iṣẹ́ bíbí ọmọ ẹja, kí irúgbìn wà lọ́wọ́ yín.

Ìkejì, oúnjẹ. Ẹ má kó ọmọ ẹja sínú omi láìní owó oúnjẹ rẹ̀ títí dé ọjọ́ títà lápò ọ̀tọ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo owó yín, ti oúnjẹ ni. Ilẹ̀ wa ń mú àgbàdo, ẹ̀pà, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà sóyà jáde. Ẹgbẹ́ tó bá jọ ra ẹ̀rọ ìlọta kan lè dín owó kù, bí wọ́n bá ń bá ẹni tó mọ ìwọ̀n ṣiṣẹ́. Sóyà tútù kò ṣeé fún ẹja o, ẹ gbọ́dọ̀ yan án tàbí kí ẹ sè é, torí ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹja rí oúnjẹ rẹ̀ lò. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó ti àrọ̀, kó ronú sí epìyà. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti gbẹ, níwọ̀nba, á sọ omi di aláwọ̀ ewé. Ọparun tí ẹ bá gún mọ́ inú adágún á sì di ibi tí oúnjẹ ń hù sí, bí àkájà àwọn ará Ganvié. Kò ní sanra tó àrọ̀ tó ń jẹ oúnjẹ àpò, àmọ́ kò ní jẹ gbèsè bíi tirẹ̀. Ọparun sì pọ̀ nílẹ̀ wa.

Ìkẹta, ọjà. Ẹja kì í ṣe iṣu tí a lè fi sábà títí owó á fi dára. Ojoojúmọ́ tó bá lò nínú omi lẹ́yìn tó ti tóbi tó, owó yín ló ń jẹ. Olùrà mọ èyí, ó sì máa ń dúró dè yín. Ohun tó lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀ ni ààrò ìyánja. Ẹja tí ẹ bá yan dáadáa, tó gbẹ, lè dúró, ó lè rìn dé Abuja, Ìlọrin tàbí Àkúrẹ́. Iṣẹ́ tí àwọn ará etí Odò Ọya ti ń ṣe fún àwọn bàbá wa náà ni. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń ta ẹja lọ́jà Kàbà, iṣẹ́ yín ni èyí; àgbẹ̀ tó bá bá yín ṣe àdéhùn kó tó kó ọmọ ẹja sínú omi, òun ló gbọ́n.

Bí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ máa bọ̀, a ó jọ wo ilẹ̀ àti omi yín, a ó jọ wọ̀n ọ́n. Bí méjì bá wà, ẹ wá ẹ̀kẹta kí òjò tó dé. Bí kò bá sí ọ̀kankan, ẹ fi owó yín sórí iṣu àti kajú lọ́dún yìí, kí ẹ lọ ṣiṣẹ́ lóko ẹja ẹlòmíràn fún oṣù mẹ́fà, láti ìgbà tí wọ́n bá kó ọmọ sínú omi títí di ọjọ́ tí wọ́n bá tà á. Ilẹ̀ kò ní sá lọ. Adágún ṣeé gbẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀ pẹ̀lú.

Ẹ kọ ìbéèrè yín sísàlẹ̀, kí ẹ sọ ìlú yín àti irú omi tí ẹ ní, kànga ni tàbí odò, kí ìdáhùn wa lè bá ilẹ̀ yín mu.